Àtúnṣe: Irin Ilẹ̀ Ọ̀tọ̀ Kọ́ Ni Yóò Pa Ariwo Rédíò

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn káàkiri láàárín àwa tí a ń fi rédíò bá ara wa sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà, pé ẹni tí ariwo bá ń dà láàmú kí ó yọ wáyà ilẹ̀ ilé, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kúrò lára rédíò rẹ̀, kí ó sì ri irin mìíràn mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀.

Bí iná 230 volt bá kan ara rédíò, tí irin tí ìdènà rẹ̀ sí iná nínú ilẹ̀ tó 25 ohm sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí iná náà ní, nǹkan bí 9 amp péré ni yóò ṣàn, èyí tí kò tó láti já fíúsì 13 amp. Iná yóò sì wà lára rédíò náà títí ẹnìkan yóò fi fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, irin tí ẹ bá rì fún áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ so pọ̀ mọ́ ti ilé pẹ̀lú wáyà tó nípọn.

Ní ti ariwo, ìgbì rédíò 14 MHz, ọ̀kan nínú àwọn tí a máa ń lò, gùn tó nǹkan bí mítà 21. Wáyà ilẹ̀ tó gùn ní mítà 5, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, a máa ṣe bí ẹni pé kò kan ilẹ̀ rárá, òun fúnra rẹ̀ a sì di áńtẹ́nà. Dípò irin ọ̀tọ̀, ẹ wé wáyà áńtẹ́nà mọ́ òrùka ferrite, ìyẹn òrùka tó ń dí ariwo tó bá ń gba ara wáyà wọlé. Ẹ tún pa iná ilé, kí ẹ fi bátìrì gbé rédíò: bí ariwo bá dákẹ́, inú ilé ni ó ti ń wá, ṣájà fóònù ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fura sí.