Ẹ Dá Ìyá Tó Ń Sanwó Lóhùn

Inú ń bí mi, n kò sì ní pa á mọ́ra. Kí ló dé tí ilé ìwé gíga aládàáni á máa polówó ara rẹ̀ káàkiri Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, tí wọ́n á ya àwòrán yàrá àyẹ̀wò àti ọmọ tó wọ aṣọ funfun sára pátákó, tí òbí bá wá dé ibẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó wo inú ilé?

Kétu la ti wá, èmi, ìyá wa àti àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC D, ìwé ẹ̀rí àṣejáde ilé ìwé girama ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi wọ takisí, a gba Pobẹ, a gba Sákẹ́tẹ́, a tún gun zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà, nígbà tá a dé Àjàṣẹ́. Àwọn kan á ní, ṣebí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba wà ní Kétu níbẹ̀? Ó wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọmọ yìí fẹ́ kọ́. Èyí tó yàn fún yunifásítì ìjọba lórí apresmonbac, ìkànnì ìjọba tí ọmọ tó gba BAC ti ń yan ẹ̀kọ́, lè bọ́ sí i, ó lè má bọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìyá wa fi ní ká lọ wo ti aládàáni.

Yorùbá ni ìyá wa fi kí akọ̀wé. Obìnrin náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, torí Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ wa níbí, ló ń bá ẹni tó ń gbálẹ̀ sọ nígbà tá a wọlé! Faransé ló fi dáhùn, ojú mi ló sì ń wò. Ìyá wa bèèrè iye tí gbogbo owó ọdún kan jẹ́, èmi ló dá lóhùn. Ìyá wa bèèrè ibi táwọn ọmọ á ti kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, èmi náà ló dá lóhùn. Àgbàlagbà tó bí mi jókòó síbẹ̀, owó àjọ tó fi gàrí àti èlùbọ́ kó jọ wà nídìí ìró rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wo ojú rẹ̀. Ṣé irú ìwà tá a fi ń kọ́ ọmọ nìyẹn?

A ní ká wo yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìwé kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé owó yẹn kì í padà! Ẹni tó ń ra ewúrẹ́ lọ́jà á fọwọ́ kàn án kó tó sanwó. Ẹ wá fẹ́ kí ìyá kan ra ọdún mẹ́ta ayé ọmọ rẹ̀ láìfojú rí nǹkan kan.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Mo bèèrè èyí tí ìjọba fún wọn lórí ẹ̀kọ́ náà gan-an, wọ́n ní ọ̀gá ló mú un dání, ọ̀gá ò sí nílé. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ló ń ṣètò ìdánwò tí ọmọ ilé ìwé aládàáni gbọ́dọ̀ yege kó tó gba licence, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta náà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan maikirosikóòpù rí, kí ló fẹ́ kọ síbẹ̀? Kò sí ọ̀gá kankan tó máa bá a pín ìjákulẹ̀ náà. Ọ̀gá á ti gba owó tirẹ̀ tán, owó aṣọ iṣẹ́, owó káàdì, owó ìgbèjà iṣẹ́ àṣekágbá, tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ fún wa àfìgbà tí mo tú ìwé náà wò lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹ ṣílẹ̀kùn yàrá yín fún òbí. Ẹ kọ gbogbo owó sójú kan, títí dé èyí tó kéré jù. Ẹ fi ẹni tó lè dáhùn ní Yorùbá àti ní Gùn, èdè kejì tí wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, jókòó sídìí tábìlì, kó sì máa wo ojú ẹni tó mú owó wá. Ẹ gbé ìwé àṣẹ kọ́ sára ògiri. Tí ẹ ò bá tíì ṣe é, owó ìyá wa ò ní wọ àpò yín, màá sì máa sọ fún gbogbo ará Kétu tó bá bi mí pé kí wọ́n mú tiwọn dání.