Ẹ Dá Ìtàn Náà Dúró Síbi Àbọ̀

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Gbogbo àwa òbí la mọ òwe yìí o, àmọ́ tá a bá ń sọ ìtàn fọ́mọ, odidi la máa ń rọ́ dà sí i létí, "ṣó o rí i báyìí, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o máa ṣoore." Ojú ọmọ á ti kúrò lára wa, torí ó ti mọ̀ pé ìbáwí la fi ìtàn bò.

Lọ́jọ́ kan ọmọ mi, ọmọ ọdún 5, ò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá wọn ṣeré, ìyẹn sì lọ dá jókòó sígun yàrá. Mi ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ní ihò tó móoru dáadáa nínú igi, òjò dé, ẹyẹ kékeré kan ní kó jẹ́ kóun yà síbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ní ihò òun ò gba àlejò. Mo dákẹ́ síbẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó ní "ṣé ìyẹ́ ẹ̀ ti tutù?" Mo ní ó ti rin gbingbin. Ó fa aṣọ ìbora ẹ̀ dé àgbọ̀n, ó pẹ́ díẹ̀, ó wá ní "kí ọ̀kẹ́rẹ́ sún fún un, ibẹ̀ á gbà wọ́n." Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, òun ló rí i fúnra ẹ̀.

Ọmọ ọdún 2 ti lè máa fi páálí ṣeré bíi pé mọ́tò ni, àmọ́ ó máa ń tó bí ọdún 4 kó tó yé e dáadáa pé ohun tóun ń rò lè má sí lọ́kàn ẹlòmíì. Torí náà, ẹ bi èyí tó kéré pé "kí ló dé tí ẹyẹ yẹn ń sunkún?", ìyẹn ti tó, kẹ́ ẹ wá bi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé "kí ni ọ̀kẹ́rẹ́ rò pé ẹyẹ yẹn fẹ́ fi ihò òun ṣe?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì pa ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn. A tètè máa ń fìyà jẹ aláìdáa nínú ìtàn, ọmọ á mọ ẹ̀san, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọ̀rẹ́. Ahọ́n àti eyín gan-an ń jà, bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀ lọmọ nílò, ẹ jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ jáde sínú òjò lọ wá ẹyẹ, kó pè é títí, kí ẹyẹ má tètè dáhùn.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tún un sọ, ẹ tún un sọ, kódà tó bá ti sú yín. Tèmi ti gbọ́ ọ débi pé òun ló ń sọ ọ́ fún mi báyìí, ihò yẹn sì ń fẹ̀ sí i ni, ẹyẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lálẹ́ àná, àti ìjàpá kan.