Irọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ràn ẹ kò lè bínú sí ẹ

Ó ti sú mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìdána kan ní Òkè Ọlá, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, wọ́n fún bàbá kan ní máìkì pé kó gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn. Bàbá ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ màmá, àwọn ò tíì bínú síra àwọn rí, pé níbi tí ìfẹ́ tòótọ́ bá wà, ìbínú ò lè ráyè wọlé. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Alága ìdúró fi orin gbè é. Èmi ń wo ojú ìyàwó, ọmọ tí mo mọ̀ láti kékeré, inú mi ò sì dùn rárá.

Àwọn tọkọtaya ló máa ń wá jókòó síwájú mi lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo sì mọ ibi tí irú ìmọ̀ràn yẹn ń gbé èèyàn lọ. Ọmọbìnrin kan wá bá mi, ó fẹ́ dá ẹrù ìdána padà. Kí ni ọkùnrin ṣe? Kò ṣe nǹkan kan tó pọ̀. Inú ló bí òun fúnra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bí i débi tó fi ń ṣe é bíi pé kí ọkùnrin náà má padà wá láti Ìlọrin mọ́. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ìyẹn ò fi hàn pé n ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?” Wọ́n ti kọ́ ọ pé ìfẹ́ àti ìbínú ò lè jọ gbé inú ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún yín. Ní 1909, Sigmund Freud, dókítà kan nílùú Vienna tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dà rú, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kan tó wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn obìnrin kan gidigidi. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà fẹ́ rin ìrìn àjò, ọkùnrin yìí ń lọ lójú ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ kọ òkúta. Ó rò ó pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó máa gbé olólùfẹ́ òun máa tó gba ibẹ̀ kọjá, ó sì lè forí sọ òkúta yẹn. Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta kúrò lọ́nà. Kò pẹ́ sí i, ó ní ìwà òmùgọ̀ ni òun hù yìí. Ó padà síbẹ̀, ó gbé òkúta ọ̀hún, ó tún fi í sí àárín ọ̀nà gan-an níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ dúró kí ẹ wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ ọgbọ́n ló padà sí i lórí, ṣe ni ì bá máa bá tiẹ̀ lọ. Kí ló tún kàn án pẹ̀lú òkúta tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà? Freud ní ìfẹ́ ló gbé òkúta kúrò, ìkórìíra ló dá a padà. Ọwọ́ kan náà ni, obìnrin kan náà ni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àdúrà ọkùnrin yìí gan-an ò bọ́ níbẹ̀. Tó bá ti fẹ́ ní kí Ọlọ́run dáàbò bo ẹnì kan, nǹkan kan á sáré ki “má” bọ àárín ọ̀rọ̀ náà, á wá di pé kí Ọlọ́run má dáàbò bò ó. Ìgbà mìíràn wà tí àdúrà rẹ̀ gbà á tó wákàtí kan àtààbọ̀, nítorí ó ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀. Gbogbo ìyà tó jẹ yìí, ohun tó fà á ni pé kò lè gbà pé òun ń bínú sí ẹni tí òun fẹ́ràn. Ohun tí kò jẹ́ kó gba ẹnu jáde, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá a ṣe é.

Ẹ lè ní aláìsàn nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ìyá ọlọ́mọ. Donald Winnicott, dókítà àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó tún ń tọ ọ̀nà Freud, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1949. Ó sọ ọ́ láìbò pé ìyá a máa kórìíra ọmọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló sì ń sọ. Ìdí 18 ló kà sílẹ̀. Ọmọ ń fa ọmú, ó ń dun ìyá. Ọmọ kọ oúnjẹ gidi tí ìyá fún un, ó dé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀, ó jẹun dáadáa. Ọmọ fi ojú ìyá rí màbo láàárọ̀, ìyá gbé e jáde, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò mọ̀ rí, onítọ̀hún ní ọmọ yìí mà wuyì o. Ìyá ọlọ́mọ wo ní Sábó ni kò mọ èyí? Ìyá mi máa ń pariwo mọ́ àbúrò mi pé “O máa pa mí!”, bẹ́ẹ̀ ló ń da omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù nínú garawa, tó ń ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ kó má baà gbóná jù fún ọmọ. Kò sẹ́ni tó ní ìyá mi ò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ṣé ti ọkọ àti ìyàwó ló wá fẹ́ mọ́ ju ti ìyá lọ?

Melanie Klein, obìnrin tí òun náà ń tọ ọ̀nà Freud, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1937, kí Winnicott tó kọ tiẹ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú náà ni ìyá tó ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí ọmọ bá wá mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n, ẹ̀rù á bà á pé ìbínú òun ti ba ìyá jẹ́, á sì fẹ́ tún un ṣe. Klein ní ibẹ̀ ni àánú àti ìtọ́jú ẹlòmíì ti ń wá. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun lè ṣe olólùfẹ́ òun léṣe, kí ló máa bẹ̀bẹ̀ fún?

Mo ti bá àwọn tí “kì í jà” gbélé rí. Tọkọtaya kan wà lọ́gbà wa nígbà kan tí gbogbo àdúgbò fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ò ní gbóhùn wọn. Ṣùgbọ́n ìyá á gbé àmàlà láfún kalẹ̀, á kọjú sí ọmọ, á ní, “Sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì.” Bàbá wà lórí àga lójúkojú wọn níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọkọ mi ò fẹ́ kí n lọ ra ọjà n’Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, ó kàn ní “kò burú” ni. Nígbà tí mo dé Tákíè lálẹ́ pẹ̀lú ẹrù, tí òjò ń rọ̀, ọkùnrin tí kì í gbàgbé nǹkan ti gbàgbé mi, ó ti sùn. Ìjà tí a jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì, ariwo tòun tekún, ni mo fi mọ ohun tó ń dùn ún látoṣù pípẹ́. Láti ìgbà yẹn, tí ò bá fẹ́ nǹkan, ó ń sọ ọ́.

Wọ́n á ní Bíbélì sọ pé ìfẹ́ a máa mú sùúrù. Bíbélì kan náà ní ká bínú, ká má sì ṣẹ̀, kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú wa. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé a máa bínú lọ́sàn-án. Àwọn baba ńlá wa pàápàá ò tan ara wọn jẹ báyìí. Lágbègbè Ọ̀yọ́ títí dé ọ̀dọ̀ wa, láyé àtijọ́, ẹkún ìyàwó ni ọmọbìnrin máa ń sun kó tó relé ọkọ. Á kí ìyá, á kí bàbá, á sọ ẹ̀rù ilé tó ń lọ, omijé gidi á sì máa bọ́, lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Ìyá ìyá mi mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó máa ní kó nu ojú nù kó máa rẹ́rìn-ín.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ohun tí Freud sọ ni àwọn onímọ̀ òde òní fọwọ́ sí. Èyí tí mò ń sọ yìí, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí kó lè na ìyàwó rẹ̀, kò gbọ́ mi yé. Winnicott ní ìyá gbọ́dọ̀ lè fara da ìkórìíra tó wà nínú rẹ̀ láì ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ẹni tó ń lù èèyàn ni kò lè fara da tiẹ̀. Irú wọn ti jókòó síwájú mi: wọ́n á na obìnrin lónìí, wọ́n á ra léèsì lọ́la, wọ́n á ní kó gbàgbé. Wọn kì í dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe. Àtúnṣe tí Klein ń sọ kọ́ nìyẹn, nítorí ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ò sí lọ́kàn wọn rárá, ìtìjú ara wọn ni wọ́n ń bò. Kí obìnrin bẹ́ẹ̀ má dúró de léèsì kejì. Kó kó àwọn ọmọ, kó gba ilé àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, kó sì fi ẹjọ́ sun àwọn agbófinró.