Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣàyẹ̀wò Àfẹ́sọ́nà Ìyá

Nígbà tí wọ́n bí wa, òbí ni ń wádìí ẹni tí ọmọ fẹ́ fẹ́. Alárinà yóò lọ, yóò bọ̀, wọn yóò béèrè bóyá wèrè ń bẹ nínú ìdílé yẹn, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, bóyá ọwọ́ wọn mọ́, kí wọ́n tó gba iṣu àti orógbó. Àṣà ti yí padà báyìí. Ọmọ ló ń wádìí ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fẹ́, orí Zoom ló sì ti ń ṣe é, ní agogo 8 alẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Ìbàdàn, nítorí pé ìgbà náà ni agogo 2 ọ̀sán lù ní Houston ní Amẹ́ríkà, tí ẹni tó wà ní Brampton ní Kánádà sì ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣàyẹ̀wò Àfẹ́sọ́nà Ìyá ni èmi ń pè é, bí ó sì ṣe ń ràn láti àdúgbò dé àdúgbò yìí, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi mú aṣọ ẹgbẹ́ fún un.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n pe èmi náà sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ bàbá wọn tó ti dolóògbé láti ọdún 9 sẹ́yìn. Ìyá wọn jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 64, tí wọ́n ń dá gbé nínú ilé oníyàrá márùn-ún ní Bódìjà, tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n rí jẹ́ ẹni ọdún 69, ìyàwó tirẹ̀ náà ti ṣaláìsí, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló sì ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ yìí gan-an ni àkọ́bí tó wà ní Houston kọ́kọ́ gbá mú. Ó ní, "Ańkù, ẹni tó mọ ilẹ̀ wọ̀n, kí ló ń wá ní ilé bàbá wa?" Gbogbo àwọn tó wà lójú ẹ̀rọ mi orí. Ká ní dókítà ni ọkùnrin náà, wọn ì bá ní ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa wọ́n ni. Ká ní pásítọ̀ ni, wọn ì bá ní ìdámẹ́wàá owó ìfẹ̀yìntì ló ń lépa.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Peckham ní London, ti kọ ìbéèrè 14 sílẹ̀, ó sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gba aláìsàn sí wọ́ọ̀dù: ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ bàbá náà lẹ́nu, ṣé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ta ni yóò máa san owó oògùn, ọmọ mélòó ni wọ́n bí, kí sì ni àwọn ọmọ náà ń ṣe jẹun. Àbíkẹ́yìn, tí ohùn rẹ̀ ń já bọ́ láti Brampton, wá béèrè bóyá wọ́n ti lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. Ìyá wọn yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ wo ni mo tún fẹ́ bí, tí a ó máa bẹ̀rù kó má jẹ́ fòníkú-fọ̀la-dìde?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi èmi, mo sì yára pa ohùn ẹ̀rọ mi.

"Mọ́mì, ní ọjọ́ orí yín yìí?" Gbólóhùn tí ìgbìmọ̀ náà fi ń ṣe ègbè orin nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ń yà mí lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe ìyá kan náà yìí sókè òkun láti wá tọ́jú ọmọ. Ní London, gbogbo oṣù 6 tí ìwé àṣẹ àlejò gbà wọ́n láàyè ni wọ́n lò tán láìṣẹ́ku ọjọ́ kan, tí wọ́n ń pọn ìbejì, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá ìbejì, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta pẹ̀lú orúnkún tó ń ro wọ́n. Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ orí nígbà náà. Ọ̀dọ́ langba ni wọ́n lójú ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́; ọjọ́ tí ọkùnrin kan ra bọ̀ọ̀lì wá bá wọn nílé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di arúgbó.

Ká ní bàbá ló ṣẹ́kù ńkọ́? Òkú ìyá kò ní tíì pé oṣù mẹ́ta nílẹ̀ tí ẹbí yóò fi máa sọ pé bàbá kò lè dá gbé, pé ta ni yóò máa gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn. Obìnrin ẹni ọdún 38 yóò wọlé, a ó mú aṣọ ẹbí, àwọn ọmọ kan náà yóò sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook pẹ̀lú àdúrà. Bí ẹnikẹ́ni bá yínmú, wọn yóò dárúkọ Nelson Mandela fún un, ẹni tó gbé Graça Machel níyàwó ní 18 July 1998, ọjọ́ tó pé ẹni ọdún 80 gan-an. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé opó ni Graça náà, nítorí pé ọkọ rẹ̀, Samora Machel, Ààrẹ Mozambique, ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní 1986. Ìyá àwọn ọmọ kan ni ìyàwó ọ̀hún.

Ká má parọ́, àwọn baba wa náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tiwọn, bí ọkọ bá kú, ẹbí lè ṣú opó fún àbúrò olóògbé, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. Wọ́n ń fi ọkọ lé e lọ́wọ́ láìbi í. Àwọn ọmọ òde òní ń gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í. Àmọ́ ṣá o, àwọn baba wa kò ní kó kọ́kọ́ ra dátà kó tó gbọ́ ìdájọ́.

Nígbà tí ìpàdé wọ wákàtí kejì ni wọ́n tó ṣí ọmọrí ìkòkò. Ilé Bódìjà ni ọ̀rọ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀; ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì ti fìdí èyí múlẹ̀ láti 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Bí bàbá wọn kò ti kọ ìwé ìhágún, tó sì jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, àwọn ọmọ ló ni ilé, ìyá wọn kàn ń gbé inú rẹ̀ ni. Awọnlẹ̀ yìí lè fi okùn wọn ilé náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní rí igun kan mú lọ níbẹ̀. Ohun tó lè jẹ lára ìyá yìí kò ju owó ìfẹ̀yìntì tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ti tò fún owó náà rí mọ̀ pé kò sí gbájú-ẹ̀ tó ní irú sùúrù yẹn.

N kò mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kejì ti ń jókòó níbòmíràn. Àwọn ọmọ bàbá náà ní tiwọn, ó sì dá wọn lójú pé ilé bàbá àwọn ní Ìyànà-Ìpájà ni ìyá yìí ń ṣọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ ka òfin. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, bí ẹni tó ti kọ ìwé ìhágún bá ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, ìwé náà ti di òfo nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni, ìwé náà dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ èyí ni àwọn ọmọ tí kò lè ki oríkì ara wọn, àwọn tó ń fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán, ti di olùfẹ́ àṣà. Wọ́n ní ti ìbílẹ̀ ló dára jù, kí a gbé iṣu díẹ̀ kalẹ̀, kí alága ìdúró kọrin díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọrọ ọ̀nà kọ́ọ̀tù ìgbéyàwó Ìkòyí rárá. Ọ̀kan tilẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Ogún wa ni." Kò parọ́, ogún ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Èmi ti rí ọkùnrin náà rí. Mo yà kí ìyá yìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì bá àwọn méjèèjì ní ìloro, tí bàbá ń bó ọsàn. Ọ̀bẹ kékeré kan ló fi ń bó o, èèpo rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ gbọọrọ láìgé títí ó fi kanlẹ̀; ó la ọsàn náà sí méjì, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ kóró rẹ̀ kúrò, ó sì na ìlàjì kan sí ìyá láìwo ojú wọn, nítorí pé àríyànjiyàn ń lọ lọ́wọ́. Bàbá ní 1962 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn. Ìyá ní 1960 ni, wọ́n sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. 1960 ni lóòótọ́. Bàbá ní, "Ẹ ṣeun, tíṣà," ó sì tún mú ọsàn mìíràn.

Ní alẹ́ ìpàdé, Houston mú àbá wá pé kí Mọ́mì ṣì ní sùúrù títí ọmọ Brampton tó wà nínú oyún yóò fi já lẹ́nu ọmú, kí wọ́n tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Peckham kín in lẹ́yìn. Ìyá ní kí wọ́n lọ ka ìwé Kọ́ríńtì Kìíní, orí 7, ẹsẹ 39, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé bí ọkọ obìnrin bá kú, ó ní òmìnira láti fẹ́ ẹni tó bá wù ú. Houston ní òun kò ní Bíbélì nítòsí. Ìyá ní kò burú. Wọ́n wá fi ẹ̀yìn fóònù lélẹ̀ lórí tábìlì, kò sì sí ohun tí a rí mọ́ àfi òrùlé àti fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. A gbọ́ ìró àwo, lẹ́yìn náà ìró ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà ẹ̀rín ẹni méjì.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń gbọ́ wa?" ni Peckham ń wí. "Mọ́mì? Ẹ̀yin Ańkù, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìbàdàn ni?"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.