Etí odò kì í ṣe ilẹ̀ títà: ọ̀rọ̀ mi sí àwa ará Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Gbogbo ètò tí à ń ṣe nítorí omíyalé àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀ etí odò, ẹni tó ń rà á, àti ẹni tó ń buwọ́ lùwé fún wọn.

Omíyalé Ògùnpa ti 31 August 1980 pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ti 26 August 2011 náà tún pa ọ̀pọ̀, ó já afárá, ó sì gbá ẹja lọ nínú ọgbà ẹja Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là tí ìjọba yá láti kojú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún afárá kọ́, wọ́n tún ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ṣe, wọ́n ṣe ìwé ètò ìlú. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yẹn, ó wúlò. Ṣùgbọ́n kọnkéré nìkan kò lè gbà wá.

Orí òkè ni àwọn baba wa kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, nítorí ogun. Òkè Àrẹ, Màpó, Òkè Àrẹ̀mọ. Nígbà tí ìlú kún, ilé ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹsẹ̀ odò. Ní báyìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, páànù àti sìmẹ́ńtì ni. Òjò kò ríbi wọlẹ̀, ó ń já lọ sínú odò Kúdẹtì, odò Ògbèrè, odò Ọ̀nà àti odò Ògùnpa lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tó bá sì gbóná sí i ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí òjò líle fi ń le sí i. Gọ́tà tí wọ́n wọn fún òjò àná kò lè gba tọ̀la.

Wàyí o, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ta ilẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń mú oníbàárà lọ wò ó. Odò ti gbẹ, ó rí tín-ínrín bí okùn, owó ilẹ̀ kò sì wọ́n. Tíṣà tàbí aránṣọ tó fi ọdún púpọ̀ dá àjọ, ta ni kò ní rà á? Ó máa da iyanrìn sí i kó lè ga, omi yóò wá yà sí ilé ẹni tó wà ní òdìkejì. Ó ń dùn mí, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wọn tó fẹ́ pa ọmọnìkejì rẹ̀ lára.

Tí ìjọba bá wá dé, ọ̀dà pupa ni wọ́n máa fi sàmì sára ògiri, katapílà á tẹ̀ lé e. Wíwó ilé láìpèsè ilẹ̀ mìíràn kì í ṣe ètò rárá. Etí odò mìíràn náà ni àwọn ènìyàn ọ̀hún yóò tún lọ. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ga fún wọn, níbi tí ọkọ̀ ń dé, tí wọ́n á ti lè lọ sọ́jà, kí ẹ tó wó ohunkóhun.

Máàpù ibi tí omi ń dé ti wà. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò sí i ní èdè Yorùbá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kánsù, ẹ gbé e lọ sí ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí àwọn sọ̀fíọ̀ kọ̀ láti wọn ilẹ̀ tó bá bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin mọ́gàjí wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ jù, nítorí ilẹ̀ ẹbí kì í ṣeé tà láìsí ìmọ̀ yín. Mo mọ̀ pé owó ló ń fa títa. Ẹ háyà etí odò yẹn fún àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, kí owó máa wọlé fún ẹbí lọ́dọọdún. Bí omi bá tiẹ̀ wọ oko ẹ̀fọ́, kò pẹ́ tí wọ́n á fi tún un gbìn.