Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ló ń wo aláìsàn sàn

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé ilé ìwòsàn kan fẹ́ ti wọ́ọ̀dù méjì tàbí mẹ́ta pa, tàbí pé wọ́n fẹ́ pa ilé ìwòsàn kéékèèké pọ̀ mọ́ ńlá kan, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n ti fẹ́ fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ kí wọ́n máa kú. Èrò tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé bí bẹ́ẹ̀dì bá ṣe pọ̀ tó ni ìtọ́jú ṣe ń pọ̀ tó, àti pé bí a bá yọ bẹ́ẹ̀dì kan, ẹnì kan ni a ti yọ kúrò nínú àwọn tí ìbá rí ìwòsàn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni tí ó ń rò bẹ́ẹ̀ jà, nítorí bẹ́ẹ̀dì ni ohun tí ojú ń rí. A lè dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kí á ka bẹ́ẹ̀dì láti orí dé ìdí, ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú lásán ka iye nọ́ọ̀sì tí yóò wà níbẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. Síbẹ̀, èrò náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára, nítorí ó ń jẹ́ kí á máa jà fún ohun tí kò tó nǹkan, nígbà tí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo orílẹ̀-èdè tí bẹ́ẹ̀dì pọ̀ sí. Ní Japan, nǹkan bí bẹ́ẹ̀dì 13 ni ó wà fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ní Sweden, nǹkan bí 2 péré ni. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ni ìlera, ó yẹ kí àwọn ará Sweden máa kú ní kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí ọmọ tí a bá bí ní orílẹ̀-èdè méjèèjì lè retí láti dé ti kọjá 80 tipẹ́tipẹ́. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà gbóná janjan. Japan tí ó ní bẹ́ẹ̀dì tó bẹ́ẹ̀ kò rí ibi fi ọ̀pọ̀ aláìsàn sí. Àwọn kan wà nílé tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò pè wọ́n, títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Bẹ́ẹ̀dì kò wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú bẹ́ẹ̀dì náà wà káàkiri ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké, níbi tí dókítà àti nọ́ọ̀sì kò ti pọ̀ tó láti tọ́jú ẹni tí kò lè mí fúnra rẹ̀ mọ́.

Kí ni bẹ́ẹ̀dì gan-an? Irin, fóòmù àti aṣọ ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, òṣìṣẹ́ tí ó sì ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kò lè ṣe ju 40 lọ nínú rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó lè máa wà nínú wọ́ọ̀dù tọ̀sántòru, láìsí ìgbà kankan tí àyè rẹ̀ ṣófo, ó gbọ́dọ̀ ju ènìyàn mẹ́rin lọ tí a gbà síṣẹ́, a kò sì tíì ka ìsinmi, àìsàn àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mọ́ ọn. Bí a bá kà wọ́n, ó di márùn-ún. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí ó ní bẹ́ẹ̀dì 100, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó fún ju aláìsàn 60 lọ, bẹ́ẹ̀dì 60 ni ó ní. Bí àwọn alákòóso bá kó 40 yòókù jáde, tí wọ́n sì kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sídìí 60 náà, kò sí aláìsàn kankan tí wọ́n fi nǹkan dù. Ohun tí ó burú jù ni kí wọ́n fi 100 náà sílẹ̀ kí ojú wa lè máa rí i, kí aláìsàn 100 sì máa pe nọ́ọ̀sì tí kò lè dá ju 60 lọ lóhùn.

Ó yẹ kí á rántí pẹ̀lú pé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ti yí padà. Nígbà kan rí, ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti mú ohun tí ó ṣú bo ẹyinjú rẹ̀ kúrò yóò dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọjọ́ púpọ̀, wọn yóò sì fi àpò iyanrìn há orí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kí ó má baà mì. Lónìí, iṣẹ́ náà kì í sábà gbà tó wákàtí kan, onítọ̀hún yóò sì sùn sílé ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Iṣẹ́ abẹ àpò òróòro tí ń dá ènìyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ojú ihò kéékèèké ṣe báyìí.

Bẹ́ẹ̀dì tilẹ̀ máa ń ṣe ìpalára. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan tí òtútù àyà gbé wọ ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ karùn-ún, oògùn ti ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ kò gbóná mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò bí ó bá délé. Iṣan itan rẹ̀ ń rọ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ń yí àwọ̀ padà níbi tí ó ti ń fara kan bẹ́ẹ̀dì, egbò sì fẹ́ dá síbẹ̀. Oorun rẹ̀ kò já geere nítorí iná àti ariwo òru, títí tí kò fi mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́ mọ́, kòkòrò àrùn tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn sì lè ti ara ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ràn án. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn wọlé. Kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò fi tì í jáde. Láti ọjọ́ kẹfà, nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá wò ó nílé àti ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti máa rìn ni ìyá yìí nílò.

Milton Roemer, onímọ̀ ìlera kan ní Amẹ́ríkà, ti ṣàkíyèsí ní ìparí àwọn ọdún 1950 pé ibi tí bẹ́ẹ̀dì bá ti pọ̀, ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ kì í wọ́n, pàápàá níbi tí adójútòfò ti ń san owó. Ẹni tí ìbá gba oògùn kí ó máa lọ sílé ni wọn yóò dá dúró. Ẹni tí ìbá lo ọjọ́ mẹ́ta yóò lo mẹ́fà. Wọ́ọ̀dù tí ó kún kò fi hàn dandan pé bẹ́ẹ̀dì kò tó.

Àpẹẹrẹ tí mo gbà pé ó lágbára jù ni ti àrùn rọpárọsẹ̀ ní ìlú London. Ṣáájú ọdún 2010, nǹkan bí ilé ìwòsàn 30 ni ó ń gba àwọn tí àrùn náà bá kọlù níbẹ̀. Ní ọdún náà, wọ́n dín ibi tí aláìsàn ti lè gba ìtọ́jú àwọn wákàtí àkọ́kọ́ kù sí 8. Ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ àmbúláǹsì lè kọjá níwájú ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ilé aláìsàn jù lọ láìyà síbẹ̀. Mo mọ bí ìyẹn yóò ti rí lójú ọmọ tí ó jókòó ti bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ibi mẹ́jọ wọ̀nyẹn, àwọn tí ó mọ àrùn náà dunjú wà níbẹ̀ tọ̀sántòru, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọpọlọ ti wà ní sẹpẹ́, wọ́n sì lè fún aláìsàn ní oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kí àkókò rẹ̀ tó kọjá. Wọ́n sì ṣètò ọkọ̀ náà kí ó má ṣe ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí ẹnikẹ́ni nínú ìlú tó dé ọ̀kan nínú wọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé iye àwọn tí ó ń kú dín kù ju bí ó ti dín kù ní àwọn apá England yòókù lọ. Agbègbè Manchester ṣe irú ètò náà ní ọdún kan náà, ṣùgbọ́n kìkì àwọn tí àrùn náà kò tíì ju wákàtí mẹ́rin lọ lára wọn ni wọ́n ń gbé lọ sí ibi pàtàkì; iye ikú wọn kò sì dín kù ju ti ibòmíràn lọ. Ní ọdún 2015, wọ́n yí i padà kí ètò náà lè kan gbogbo ẹni tí àrùn náà bá kọlù.

Bí èrò àwọn tí ń pariwo ṣe kùnà, bẹ́ẹ̀ ni èrò àwọn tí ń gé bẹ́ẹ̀dì náà sábà máa ń kùnà. Ọmọ ìyá kan náà ni èrò méjèèjì, nítorí bẹ́ẹ̀dì ni tọ̀tún tòsì fi ń wọn ohun gbogbo. Àwọn tí ń gé e gbà pé bí a bá yọ bẹ́ẹ̀dì 20 nínú 100, ìdá 20 nínú 100 owó tí à ń ná ni yóò padà sápò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni owó ń lọ jù, nígbà tí a bá ń ṣe àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọjọ́ ìgbẹ̀yìn tí aláìsàn kò gbà ju oúnjẹ, oògùn oníkóró àti ẹni tí yóò yọjú sí i lọ ni a sì máa ń gé kúrò. Owó dókítà òru, yàrá iṣẹ́ abẹ àti yàrá àyẹ̀wò kò dín kù nítorí pé a kó bẹ́ẹ̀dì 20 jáde. Àwọn tí ó kù sílẹ̀ sì ni àwọn tí àìsàn wọn le jù, tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lórí wọn pọ̀ jù.

Àyè tí ó ṣófo náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò tí ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Copenhagen, ti fi ìṣirò hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún pé níwọ̀n bí a kò ti mọ ìgbà tí ẹnì kan yóò pè, okùn tẹlifóònù gbọ́dọ̀ ju iye ìpè tí ń wọlé ní ìpíndọ́gba lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláìsàn kì í fi ìwé ránṣẹ́ kí ó tó dé. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1999 fi hàn pé bí bẹ́ẹ̀dì tí ó kún bá ti kọjá ìdá 85 nínú 100, ewu ti bẹ̀rẹ̀ pé aláìsàn pàjáwìrì yóò dé tí kò ní rí ibi sùn. Bí ó bá kọjá ìdá 90, ìṣòro náà yóò máa wáyé léraléra. Ó tún le fún ilé ìwòsàn kékeré, nítorí ènìyàn mẹ́ta tí ó dé lẹ́ẹ̀kan náà kò lè da ibi tí ó ní bẹ́ẹ̀dì 200 rú, ṣùgbọ́n wọn yóò da ibi tí ó ní 10 rú pátápátá.

Ọ̀nà jíjìn ni ìpalára tí ó ń dùn mí jù. Ohun tí ó ṣeé ṣe ní London kò ṣeé ṣe níbi tí ọkọ̀ àmbúláǹsì yóò ti rin wákàtí méjì, ìrọbí kì í sì í dúró de ọkọ̀. Láti ọdún 2010, ó ju 100 ilé ìwòsàn ìgbèríko lọ tí ó ti kógbá sílé ní Amẹ́ríkà tàbí tí kò gba aláìsàn sùn mọ́. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2018 nípa àwọn agbègbè tí wọ́n ti wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí wọn pa fi hàn pé ní àwọn tí ó jìnnà sí ìlú ńlá, ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé pọ̀ sí i, ọmọ tí a bí sí ilé ìwòsàn tí kò ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí náà sì pọ̀ sí i.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi àwọn alákòóso ni ohun tí wọ́n ti fi rọ́pò bẹ́ẹ̀dì, àti bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1955, ó ju 550,000 ènìyàn lọ tí ó wà nínú àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ fún àwọn alárùn ọpọlọ. Ní ọdún 1963, Ààrẹ John F. Kennedy buwọ́ lu òfin tí yóò jẹ́ kí á kọ́ ibùdó ìtọ́jú sáàárín ìlú, kí àwọn ènìyàn náà lè máa gbé láàárín àwọn ẹbí wọn. Èrò náà dára, nítorí ìyà tí ń jẹ wọ́n nínú àwọn ilé ńlá wọ̀nyẹn kò kéré. Bẹ́ẹ̀dì sì lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ibùdó tí wọ́n ṣèlérí ni wọn kò kọ́ rárá, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì bá ara wọn ní ìgboro tàbí nínú ẹ̀wọ̀n.

Ní Trieste, ní Ítálì, dókítà Franco Basaglia di alákòóso irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1971, nígbà tí nǹkan bí 1,200 ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kò fi kíkó bẹ́ẹ̀dì jáde bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì mọ́ wọn, ó ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa gba owó iṣẹ́ wọn, ó wá ilé tí wọn yóò máa gbé, ó sì ń kó dókítà àti nọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ọgbà náà lọ sí àwọn ibùdó kéékèèké láàárín ìlú. Nígbà tí wọ́n fi máa ti ilé ńlá náà pa ní ọdún 1980, àwọn ibùdó wọ̀nyẹn ti ń gba aláìsàn, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n lórúkọ láti inú ọgbà ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.