Àgbà Tó Wà Lọ́jà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. À ń fi òwe yìí yin àgbà. Lójú tèmi, iṣẹ́ ló gbé lé e lọ́wọ́.

Óscar Romero ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni ọdún 59 ni nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Àgùdà ní San Salvador, lórílẹ̀-èdè El Salvador, ní oṣù kejì ọdún 1977. Inú àwọn olówó oko kọfí dùn, torí èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìwé ló mọ̀. Kì í ṣe pé kò láàánú o. Níbi tó ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń ká kọfí kí wọ́n rí ibi sùn. Ṣùgbọ́n ká ṣàánú ọmọ lọ́tọ̀, ká tún orí rẹ̀ ṣe lọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹta, wọ́n yìnbọn pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fadá Rutilio Grande, pẹ̀lú bàbá arúgbó kan àti ọmọdékùnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Romero lọ síbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ó dúró ti òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà náà, ó ní òun ò ní bá ìjọba ṣe ayẹyẹ kankan títí wọn yóò fi wádìí ikú wọn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti rédíò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ìwàásù, yóò ka orúkọ àwọn tí wọ́n pa àti àwọn tí wọ́n gbé lọ lọ́sẹ̀ náà. Ìyá tí kò rí ọmọ rẹ̀ mọ́ á jókòó ti rédíò, á gbọ́ orúkọ ọmọ náà lẹ́nu bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ rédíò yẹn, kò dákẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń gbá orí ọmọ mú, a kì í gbá a mú lágbájọ.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má ní ó ti pẹ́ jù. Ọdún mẹ́ta péré ni Romero fi ṣe gbogbo èyí.

Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1980, ó fi orúkọ Ọlọ́run pàṣẹ fáwọn ológun pé kí wọ́n yéé ni àwọn èèyàn lára. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yìnbọn pa á nídìí pẹpẹ, níbi tó ti ń ṣe Mísà nínú ilé ìsìn ilé ìwòsàn àwọn alárùn jẹjẹrẹ. Inú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn náà ni ilé kékeré tó ń gbé wà.